Dígí Ọwọ́ Ọ̀tún

Mùínàt tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kẹta. Dígí ọwọ́ ọ̀tún bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe bí ẹni pé yóò là, ó kùn bí eku tó ń họ pákó, ó sì rọra ká padà mọ́ ara ọkọ̀.

"Bó ṣe ń ṣe mí náà nìyẹn," ni Bàbá Dúró, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Bí mo bá ti gun gegele ojú títì kan báyìí, á pa dé. Tó bá sì ti pa dé, n kò rí nǹkan kan lápá ibẹ̀ mọ́."

Mùínàt tú ara ilẹ̀kùn, ó yọ dígí, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Àgbàrá ọdún tó kọjá, èyí tó mu àwọn ọkọ̀ dé ìdajì ilẹ̀kùn ní Igbó Ẹfọ̀n, ti wọ ibẹ̀. Eyín ẹ̀rọ kékeré tó ń yí dígí ti jẹ tán, àwọn wáyà rẹ̀ sì ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Bàbá rẹ̀, Àyúbà, tó kọ́ ọ níṣẹ́ rìwáyà, iṣẹ́ àtúnṣe iná ọkọ̀, kó tó kú, máa ń sọ pé wáyà tó bá ti hu ewé, kò sí ohun tí à ń bá a sọ mọ́.

"Kò ṣeé tún ṣe," ó sọ fún Ọ̀gá Lóṣèyí, tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, nígbà tí ìyẹn rìn dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. "Odindi rẹ̀ la máa pààrọ̀, ọ̀tún àti òsì. Á gba ọjọ́ méjì. Kí ọkọ̀ yìí má sì jáde títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá."

Lóṣèyí rẹ́rìn-ín músẹ́. Olóhùn pẹ̀lẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí nínú ọgbà náà.

"A ti pààrọ̀ rẹ̀," ó ní.

"Ìgbà wo, ọ̀gá?"

Ó ṣí fáìlì hàn án. Nínú ìwé, wọ́n ti ra dígí tuntun méjì láti oṣù kìíní, Mádàámù tó ni ilé ẹ̀kọ́ sì ti fọwọ́ sí owó rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹni tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀ kọ orúkọ síbẹ̀, nítorí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń bọ̀ lọ́sàn-án.

"Fi gúlù lẹ̀ ẹ́," ni Lóṣèyí wí. "Kó sáà là sílẹ̀ títí wọn yóò fi lọ. Tó bá yá, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ lẹ fi ń gbé."

"Mo mọ̀." Ó bojú wo ẹ̀bá ògiri, níbi tí páànù ṣọ́ọ̀bù Mùínàt ti ń yọ lókè. "Ibẹ̀ yẹn tù ọ́ lára, àbí? Lọ́jọ́sí ni Mádàámù ń bi mí pé ta ló fún ẹni yẹn láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òun. Mo ní ẹni wa ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Mùínàt tó rí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, ọdún mẹ́ta ló fi gbé àpò irinṣẹ́ kiri lábẹ́ oòrùn láti Awoyaya dé Ajah, tí àwọn ọkùnrin mẹkáníìkì ń bi í pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó lẹ dígí náà. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò wọ ọ́fíìsì Lóṣèyí, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì jáde lọ láì wo ọkọ̀ kankan.

Bí Bàbá Dúró ṣe fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ sílé, Mùínàt lọ bá a lójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ má fẹ̀yìn rìn láìsí ẹni tó dúró lẹ́yìn yín. Gúlù ni mo fi lẹ̀ ẹ́."

"Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé o pààrọ̀ rẹ̀?"

Bàbá náà mi orí, ó sì ṣíná ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Mùínàt kò ti balẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì náà bá ń wọlé, yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí yóò fi gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Dúró wá sọ fún un pé gúlù ti ń ṣí, òun ti fi okùn so dígí. Mùínàt lọ bá Lóṣèyí. Lóṣèyí ní òun gbọ́. Mùínàt lọ dúró ní géètì de Ìyáàfin Fúnláyọ̀, ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́, tó máa ń ti Oniru wá. Gíláàsì ọkọ̀ ńlá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí i lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, dígí bọ́ọ̀sì yẹn..."

"Lóṣèyí ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀," ni obìnrin náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gíláàsì gòkè padà.

Mùínàt rò ó pé bí òun bá pariwo, orúkọ tòun ni wọn yóò kọ́kọ́ bá nínú ìwé. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé, Sìmbíátù, opó tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, ń gbá omi òjò kúrò lẹ́bàá ògiri. Mùínàt ń tú bátìrì ọkọ̀ kan lódì kejì nígbà tó gbọ́ tí bọ́ọ̀sì ń fẹ̀yìn bọ̀. Ó gbọ́ tí ìgbálẹ̀ ń ha ilẹ̀. Ó gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Dúró ké.

Nígbà tí Mùínàt fi máa débẹ̀, okùn ti já, dígí ọ̀tún sì ti ká mọ́ ara ọkọ̀. Sìmbíátù wà láàárín bọ́ọ̀sì àti ògiri. Kò sunkún. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Àwọn ọlọ́pàá mú Bàbá Dúró lọ. Lóṣèyí pe Mùínàt sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, bó ṣe wà nínú ìwé náà ni o."

Wọ́n bi í. Bàbá Dúró jókòó sórí ilẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo pààrọ̀ dígí ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni," ni Mùínàt wí.

Bàbá náà kò gbójú sókè.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn jàǹbá náà ni Mùínàt tó lè dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Sìmbíátù láti orúnkún. Inú obìnrin náà dùn láti rí i. Ó fọwọ́ wá abẹ́ ìrọ̀rí, ó sì yọ bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin.

"Lóṣèyí ló mú un wá lánàá pé kí n tẹ̀ka. Ó ní ti owó ilé ìwòsàn ni, pé iṣẹ́ mi sì ń dúró dè mí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bá mi kà á."

Mùínàt kọ́kọ́ kà á sínú. Ìwé náà ní Sìmbíátù gbà pé òun fúnra òun ló lọ dúró síbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má dúró. Sìmbíátù gbà pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Bàbá Dúró ni wọ́n kọ bí ẹlẹ́rìí, ọjọ́ tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ló fọwọ́ sí i. Ìlà kan tún wà láàárín.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó lè fo ìlà yẹn. Obìnrin náà kò ní mọ̀. Mùínàt bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ìwé náà láti òkè, lọ́kọ̀ọ̀kan, Sìmbíátù sì ń gbọ́ láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, àní nígbà tó dé ibi iṣẹ́ tó ti bọ́ náà.

"'Ọkọ̀ náà kò ní àbùkù,'" ni ó kà. "'Tuntun ni dígí rẹ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí Mùínàt Àyúbà, tó so wọ́n, ti fọwọ́ sí i.'"

"Ta ni?"

"Èmi ni, Àǹtí Sìmbí."

"Ṣé tuntun ni wọ́n?"

"Rárá o. Gúlù ni mo fi lẹ̀ ẹ́."

Sìmbíátù gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí padà.

"Bá mi pe nọ́ọ̀sì," ó ní. "Mo fẹ́ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín, Àǹtí."

"Nọ́ọ̀sì ni mo ní kó o pè."