Fẹ́búárì Tó Tẹ̀lé Méè

Orúkọ bàbá àgbà mi ti wà lára òkúta ibojì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà láàyè. Nígbà tí Màmá Adah, ìyàwó rẹ̀, kú, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ fún àwọn méjèèjì, bí a ti máa ń ṣe níbí. Wọ́n kọ ọdún ìbí àti ọdún ikú tirẹ̀ sí apá òsì. Lápá ọ̀tún, wọ́n kọ ORRIN PRINDLE, 1938, wọ́n sì fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, dókítà sọ fún wa pé ọkàn Bàbá ti rẹ̀, pé bó bá rí Kérésìmesì, ká dúpẹ́. Bàbá ò sunkún. Ó ní, "Ó dáa. Adah ti dúró pẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò DNA dé.

Royce ló fa àyẹ̀wò náà. Ìbátan wa ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìsìnkú àwọn Prindle lórí òkè. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin ilé Prindle tutọ́ sínú ìgò kékeré, ká lè mọ bí a ṣe so mọ́ra. Ohun kan wà nínú ara ọkùnrin tí bàbá máa ń fún ọmọkùnrin, tí ọmọ náà á tún fún tirẹ̀, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà títí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ti àwọn ọkùnrin mẹ́rin bá ara wọn mu rẹ́gí. Ti Bàbá ò bá tẹnikẹ́ni mu. Àlejò pátápátá.

Ìwé ilẹ̀ ìsìnkú yẹn kò sì gba àlejò. Eleazar Prindle, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè, ló kọ ọ́. Ó ní ilẹ̀ náà wà fún "Josiah ọmọ mi àti Jabez ọmọ mi, fún ọmọ tó bá ti inú wọn jáde, àti fún ìyàwó àwọn ọmọ wọn ọkùnrin." Ọ̀dọ̀ Josiah ni àwọn mẹ́rin yẹn ti wá. Bàbá nìkan ló kù nínú àwọn ọkùnrin ilé Jabez. Bí a bá rí i pé kì í ṣe ọmọ ilé Jabez, kò ní lè sùn ti ìyàwó rẹ̀ nínú ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ Sátidé ni ìgbìmọ̀ pàdé nílé Màmá Philura. Prindle ni wọ́n bí màmá náà, òun ló sì dàgbà jù nínú wa. Èmi, Tamsin, ni akọ̀wé. Kì í ṣe torí pé mo lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn ni wọ́n ṣe fi mí ṣe é. Torí pé n kì í sọ̀rọ̀ ni. N ò lọ sí ilé ìwé kankan; ìdí tábìlì ìdáná ni Bàbá ti kọ́ mi, ó sì kọ́ mi ní kíka ìwé àwọn ará àtijọ́ kó tó kọ́ mi ní ìsodipúpọ̀.

Royce wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìlú, èyí tí wọ́n ń kọ ìbí àti ìgbéyàwó sí, lábẹ́ abíyá. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Orrin, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti rí i. Ẹ gbọ́: wọ́n bí Jabez, ọmọ Eleazar àti Thankful, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1729. Ẹ tún wá gbọ́ eléyìí: Eleazar gbé Thankful níyàwó ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Méè, ọdún 1729."

"Kí ló wá túmọ̀ sí?" Màmá Philura béèrè.

"Ó túmọ̀ sí pé Thankful pọ̀n ọmọ wọlé ọkọ ni, Mà. Ó kù díẹ̀ kí Jabez pé oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Màmá Philura pàtẹ́wọ́. "Háà! Abájọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Thankful, Adúpẹ́! Ó rí ọkùnrin tó gbé e tọmọtọmọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Royce náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nù ún.

"Jabez gan-an ni àlejò tí DNA rí," ó ní. "Ṣùgbọ́n Eleazar fẹnu ara rẹ̀ pè é lọ́mọ nínú ìwé ilẹ̀. Ọmọ tó bá ti inú Jabez jáde ní ẹ̀tọ́. Bàbá Orrin ti wọlé. Tamsin, kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó gé páì."

Mo ṣí ìwé.

Nígbà ayé Eleazar, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wa lórí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Jánúárì àti Fẹ́búárì ni wọ́n fi ń parí ọdún. Fẹ́búárì 1729 tiwọn kò ṣáájú Méè 1729. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé. Lójú tiwa lónìí, ọdún 1730 ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá kọ́ mi: bí o bá pàdé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fa ìlà kékeré kan, kí o kọ ọdún kejì tì í.

Mo fi ìka ka oṣù lábẹ́ tábìlì. Oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́fà. Thankful ò pọ̀n ọmọ kankan wọlé. Ilé ọkọ ló ti lóyún, ilé ọkọ ló ti bí i, ẹ̀rí Royce sì ti fọ́. Ó jọ pé ẹ̀yìn Jabez ni àlejò yẹn ti wọlé. Bàbá márùn-ún ló wà láàárín Jabez àti bàbá àgbà mi. Ẹni karùn-ún ni bàbá tó bí i, tàbí tí a rò pé ó bí i.

Mo gbójú sókè. Bàbá ò wò mí. Ṣóńṣó bírò mi ló ń wò.

"Tamsin," ó ní, "wá bá mi bu omi."

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìdáná. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, Fẹ́búárì yẹn…"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kó tó kà á tán." Ó di etí ibi ìfọwọ́ mú. "Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ kíka ìwé àtijọ́ yìí. Ṣé Fẹ́búárì ló máa tàn mí jẹ?"

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ sùn ti Adah ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O rántí Elihu, ọkọ Philura? Ó ní ilé Josiah ni wọ́n bí ìyá òun. Ó fẹ́ wọ ilẹ̀ yẹn kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè wà pa pọ̀. Èmi ni mo rí ọjọ́ tí kò bára mu nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo, Tamsin. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó pa àgbọ̀nrín. Itẹ́ òkú ìlú ni Elihu wà dòní."

"Kí ni kí n kọ?"

"Ìwọ lo mú bírò dání." Ó mu omi náà tán. "Èyí tó wù kó jẹ́, n ò ní bínú."

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo padà jókòó. Mo kọ ọ́: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1729. Ọwọ́ mi dúró. Bí mo bá fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ò jẹ́ mọ̀ láyé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń to abọ́ páì.

Mo fa ìlà náà. Mo kọ 30 tì í.

Royce bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìlà kí nìyí?"

"Ọdún… ọdún tiwọn, Máàṣì ló ń bẹ̀rẹ̀."

"Gbé ohùn sókè, ọmọ yìí," ni Màmá Philura wí. "Àbí èèrà lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo gbé e sókè. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dákẹ́, mo rí i tí Royce ń fi ìka ka oṣù lórí itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?" ó ní, jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. Èmi ni mo ní kí ẹ tutọ́, Bàbá Orrin. Ẹ jọ̀ọ́."

"Má pa á rẹ́," ni Bàbá wí.

"Àmọ́ bí kì í bá ṣe Jabez, ibo wá ni ẹ̀jẹ̀ náà ti…"

"Royce!" Màmá Philura lu tábìlì. "Ìyá Orrin fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ mí ní kékeré. Parí ìbéèrè yẹn nínú ilé mi, kí o sì máa lọ láìjẹ páì."

"Ó lè jẹ́ ìyá mi," ni Bàbá wí. "Ó lè jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. N ò ní wádìí. Philura, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."

"Èmi kọ́ ni kí o sọ ọ́ fún. Elihu ni. Ṣebí ìwọ náà ń bọ̀ wá di aládùúgbò rẹ̀." Ó mú ọ̀bẹ, ó gé páì, ó gé èyí tó tóbi jù síwájú Bàbá. "Oòrùn máa ń kan ọ̀dọ̀ wa ní itẹ́ òkú ìlú dáadáa. Àyè ẹni méjì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa."

"Ẹni méjì?" Royce béèrè.

"Ṣé o rò pé ó máa fi Adah sílẹ̀ fún ẹ ni?"

Bàbá mirí pé rárá. "Ẹ gbé e wá bá mi, tòun ti òkúta. Orúkọ wa ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti Eleazar."

"Ẹ fẹ́ hú u?" ni Royce wí.

"Adah tẹ̀ lé mi lọ sí Nebraska lẹ́ẹ̀kan, ó sì ráhùn títí a fi dé. Á tún tẹ̀ lé mi. Á sì tún ráhùn."

Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

Níbí, bí oṣù Kọkànlá bá ti parí, ilẹ̀ á dì gbagidi bí òkúta, kò ní ṣeé gbẹ́ dáadáa títí di oṣù Kẹrin. Bàbá ò ní rí oṣù Kẹrin. Mo kọ lẹ́tà sí gbọ̀ngàn ìlú fún àṣẹ láti hú Màmá Adah, mo kọ sí ọ́fíìsì ìlera, mo kọ sí àwọn àbúrò màmá mi lóbìnrin kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lójoojúmọ́ tí mo bá jí, mo máa ń tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà Bàbá bóyá ó ṣì ń mí, lẹ́yìn náà màá jáde lọ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bóyá ó ti ń le. Ìwé ọ́fíìsì ìlera pẹ́. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ó yọ́. Òmíràn bọ́, kò yọ́ tán.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbé Màmá Adah sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí itẹ́ òkú ìlú. Royce fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹyin. Bàbá jókòó lórí àga ìdáná wa nínú kóòtù méjì, Màmá Philura dúró tì í. Nígbà tí wọ́n gbé òkúta náà nàró tán, Bàbá nawọ́ sí ilẹ̀ apá ọ̀tún, ibi tí wọ́n máa sin òun sí.

"Tamsin, wọ̀n ọ́n."

Mo fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo ń rìn ín. Ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ bàtà mi.

"Ẹsẹ̀ méjìlá," ni mo wí.

"Ó tó?"

"Ó tó, Bàbá."

"Tún un wọ̀n," ó ní.

Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún un wọ̀n.