Ìyá Mi Fẹ́ Lọ́kọ

Ìyá mi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kó tó sọ pé òun fẹ́ lọ́kọ, ọkùnrin kan ní Ìlódè. Bàbá mi ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ni Adébíyìí, àbúrò bàbá mi, bá pè wá jọ sílé wa ní Ìlare, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Oyèkúnlé, ojú ò tì yín? Ìyá arúgbó tó yẹ kó máa tọ́ ọmọ ọmọ! Tẹ́ ẹ bá lọ bá ọkùnrin yẹn ní Ìlódè, ẹ má padà síbí mọ́.”

Ìyá mi tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé nǹkan. Mo dìde.

“Bàbá mi pé àádọ́rin ọdún kó tó fẹ́ Mojíre, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ta ló ru iṣu ìdána lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ tún ń jó.”

“Ọkùnrin lòun!” Adébíyìí dá mi lóhùn.

Ìyá mi gbójú sókè. “Èmi ni mo se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ lá ọwọ́. Ẹ yàgò lọ́nà.”

Ó rìn lọ bá a títí tí kò fi sí àyè láàrin wọn mọ́. Adébíyìí yẹ̀ fún un.

Mo pe ọ̀kadà fún ìyá mi, kó gbé e lọ sí Ìlódè. Láti ọjọ́ náà, n kò kí Adébíyìí mọ́, n kò sì ní kí i.