Agolo Tó Mọ́ Jù

Ẹ bá mi wo ayé. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé tí ìjọba ń kó oògùn sí, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ le tó ti obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ìyá Agolo ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, torí bí awakọ̀ bá kó oògùn lọ lọ́dún kan tí kò kó agolo òfìfo padà, kò lè rí tọdún tó tẹ̀ lé e gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kò sóhun tí wọn ò lè kọ sínú ìwé," ló máa ń wí. "Ẹ kó agolo wá, kí n fojú rí i."

Oògùn àìsàn etí odò ni. Kòkòrò kékeré kan ló ń fi jíjẹ kó àìsàn náà sára èèyàn. Ara á kọ́kọ́ máa yúnni, lẹ́yìn náà ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀ títí á fi fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń lo oògùn náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Òkè òkun ló ti ń wá sọ́dọ̀ Ìyá Agolo, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbé e lọ sí abúlé. Ní abúlé, olùpín oògùn á gbé ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n kun oríṣiríṣi àwọ̀ sí ti ara ògiri, kálukú á dúró tì í. Ibi tí orí èèyàn bá dé lára ọ̀pá ló máa sọ iye hóró tó máa gbé mì.

Agolo àwọn awakọ̀ kì í pé. Òmíràn á ti tẹ̀, èéfín á ti bo òmíràn, wọ́n á tún ní àwọn obìnrin abúlé bẹ̀bẹ̀ gba ìyókù, wọ́n ti rọ iyọ̀ sí i. Ìyá Agolo á fajú ro, á nawọ́ sí agolo ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀ náà. Kíá ni ìnagijẹ rẹ̀, torí kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Agolo tirẹ̀ máa ń pé ṣánṣán, kò ní tẹ̀, kò ní dọ̀tí, kódà òwú tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ á ṣì funfun báláú.

"Ẹ wo agolo! Ṣé orí méjì ni Kíá ní ni?"

Kíá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o jàre, Ìyá Agolo." Àwọn yòókù á máa kùn, inú obìnrin yìí á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn jù ni pé abúlé ìyá tó bí i, létí odò gan-an, ni ibi kan ṣoṣo tí wọ́n pín fún ọkọ rẹ̀ láti máa gbé oògùn lọ. Iṣẹ́ àti ọmọ wẹ́wẹ́ ò jẹ́ kó ráyè lọ sílé, Kíá ló ń bá a kí ìyá. Lórí fóònù, ìyá kì í yé yin àna rẹ̀.

Ìgbà tó wá di pé wọ́n ránṣẹ́ pé ìyá ṣubú sí gọ́tà, obìnrin náà tọrọ àyè, ó wọkọ̀.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, àmọ́ ibi tó kọjú sí, ọmọ ò sí níbẹ̀. Ìyá ní kóun bu omi fún un, ẹ̀gbẹ́ ife ló da omi sí.

"Màmá, ojú yín ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti lọ, ìkejì ṣì ń gbìyànjú. Ọjọ́ orí ni, ọmọ mi."

"Ẹ ṣáà ń lo oògùn?"

"Oògùn wo? Oògùn ọ̀pá? Ṣebí ìjọba ti dá a dúró. Àna mi ló wá sọ fún wa. Ó ká òun pàápàá lára."

Ó kọ́kọ́ rò pé ìyá ń ṣàwàdà ni. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé olùpín oògùn, àgbẹ̀ kan báyìí. Kò tíì kí onílé tó fi rí ọ̀pá náà. Wọ́n ti fi ti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, àwọ̀ ara rẹ̀ ṣì ń dán, aṣọ tutù ń kán lé e lórí. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ tún wá ń bi mí?" ni àgbẹ̀ náà wí. "Ọkọ yín ní kò sí mọ́. Kí la fẹ́ fi ọ̀pá ṣe?"

Ó wọ ilé ìdáná kan, ó bọ́ sí òmíràn, ó ń díbọ́n pé òun ń kí wọn. Iyọ̀ wà nínú ike, iyọ̀ wà nínú ìgò. Kò sí agolo kan ṣoṣo ní gbogbo abúlé. Áà! Ìgbà yẹn ló tó yé e. Agolo tó bá dé abúlé lóòótọ́ á kó èéfín, á rí obìnrin tó máa tọrọ rẹ̀. Èyí tó mọ́ tónítóní yẹn ò débì kankan. Àwọn awakọ̀ tó ṣiṣẹ́ ló ń bú, olè ló ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tó padà, ìyá mú ike ìpara kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. "Àna mi ló ń rà á fún mi. Kì í kọjá kó má yà. Bí ara bá ń yún mi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa á sí mi lápá. Ọmọ gidi ni."

Obìnrin náà jáde sẹ́yìn ilé, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Kíá ń fọ ọkọ̀ nígbà tó dé.

"Ta lo ta oògùn fún?"

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló fi máa ń bá a sọ̀rọ̀. Kíá gbọ́ "o" yẹn, ó sì ti ẹ̀rọ omi pa.

"Àwọn tó ń sin màlúù," ló wí nígbẹ̀yìn. "Aràn ń yọ ẹran wọn lẹ́nu, oògùn náà sì ń pa aràn. Gbọ́ ná. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa, kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ rà á. Abúlé kan ṣoṣo ni mo sì..."

"Abúlé ìyá mi!"

"Ibẹ̀ ló jìnnà jù, kò sẹ́ni tó máa lọ wò ó. Mo ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀..."

"Ọdún wo? Ìyá mi ò rí ife mọ́! Màlúù lo gbé ojú ìyá mi fún!"

Kíá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó o bá sọ ọ́ síta, ta ló ń gba agolo lọ́wọ́ mi? Ta ló ń yìn mí lójú gbogbo ayé? Wọn ò ní gbà pé o ò mọ̀. A jọ máa fara gbá a ni."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló dùn ún wọ egungun. Ọkùnrin yìí ti ta oògùn, ó tún ti fi ẹnu aya rẹ̀ bo olè mọ́lẹ̀.

Kò lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Ó mọ iṣẹ́ wọn: bí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ilé oògùn pa, wọ́n á máa wádìí, ojú tó kù fún ìyá ò sì ní dúró dè wọ́n. Tí oògùn bá ti dé abúlé, kí wọ́n wá lé òun bó bá wù wọ́n. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé ìpín abúlé náà jáde, ó sì lọ bá awakọ̀ tó máa ń bú jù, èyí tí èéfín máa ń bo agolo rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí.

"Ẹ wọkọ̀ ká lọ," ni awakọ̀ náà dá a lóhùn.

Wọ́n fọ ọ̀pá, wọ́n gbé e ti ògiri, àwọn èèyàn sì tò. Ó kan ìyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, orí rẹ̀ ò dé àwọ̀ tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó gbé hóró oògùn mì.

"Ojú mi á wá là báyìí?"

"Èyí tó kù ni oògùn lè gbà sílẹ̀, Màmá."

"Èyí tó lọ ńkọ́?"

Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá rọra mi orí. "Ó dáa. Fún mi lágolo yẹn kí n rọ iyọ̀ sí i."

Ìyá Agolo tí kì í fi agolo sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"O ṣeun. Bá mi kí àna mi. Sọ fún un pé ìpara mi ti tán."

"Màmá, ìjọba ò dá oògùn dúró. Òun ló ń tà á."

Ìyá ń fi àtàǹpàkò ra ẹnu agolo náà yíká.

"Nígbà tó ń pa ìpara sí mi lápá, ó mọ ohun tó ń yún mi?"

"Ó mọ̀."

Ìyá gbé agolo sílẹ̀. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó fa ìkejì náà, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn.