Ẹ̀gbọ́n Tó Ní Kí Wọ́n Ṣe Sùúrù

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i fún wọn.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni Fọláhànmí wà níwájú Jayéọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Adéṣínà ọkọ rẹ̀ jókòó tì wọ́n, kò lè sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ò sì yé e, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, apá òsì orí rẹ̀ rì wọnú bí ike tí wọ́n tẹ̀. Nígbà tí ọkadà gbé e ṣubú, wọ́n yọ eegun níbẹ̀ kí ọpọlọ tó wú lè ráyè, wọ́n sì tọ́jú eegun náà sábẹ́ awọ ikùn rẹ̀.

“Awọ tó rì yẹn ló ń tẹ ọpọlọ,” dókítà wí. “Ẹ̀jẹ̀ ò rìn dáadáa níbẹ̀. Tá a bá dá eegun padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún wọn sì jí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, ọwọ́ yẹn lè má jí mọ́.”

Kí wọ́n tún sọ̀rọ̀ kẹ̀! Jayéọlá wí sínú.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni! Jayéọlá sanra rọ̀bọ̀tọ̀, owú ló sì ń jẹ sùn. Adéṣínà làbúrò, àmọ́ òun ni olùkọ́, òun lẹbí ń pè tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Bí Jayéọlá bá wúkọ́ láti sọ̀rọ̀, kálukú á ti máa wo fóònù. Láti ìgbà tí ẹnu àbúrò ti pa dé ni wọ́n tó ń gbọ́ tirẹ̀ nílé l’Ọ́yọ̀ọ́. Ṣé kí ìyẹn tún wá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí ni?

“Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù,” ó wí. “Wọ́n ti la orí ọmọ ìyá mi, wọ́n tún fẹ́ la ikùn. Ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó.”

“Èmi ìyàwó ẹ̀, mo gbà. Ṣé mi ò lè fọwọ́ sí i ni?”

Nọ́ọ̀sì mi orí. “Ẹ má bínú, mà. Ẹbí ọkọ la máa ń bi. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn ló máa wá bá wa fa wàhálà.”

Ẹbí jókòó. Ta ló máa sọ̀rọ̀ bí kò ṣe Jayéọlá? Ó sọ ọ́ dùn, wọ́n ṣe àmín, wọ́n ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Òjò dá, ọyẹ́ dé, Fọláhànmí sunkún títí. Ìgbà tí Ṣàngówùnmí, àǹtí bàbá wọn, bi í lójú gbogbo ẹbí pé, “Jayéọlá, kí lò ń dúró dè gan-an?” lojú tó tì í, ló bá lọ fọwọ́ sí i.

Wọ́n dá eegun padà. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu Adéṣínà. Ọwọ́ ọ̀tún ò jí. “Ó ti pẹ́ jù,” ni dókítà wí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé Ọ̀yọ́, agboolé kún. Fọláhànmí ò fẹ́ da àárín ọmọ ìyá méjì rú, ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló dúró tì í. Bí Adéṣínà ṣe rí Jayéọlá, ó dìde.

“Bọ̀ọ̀dá mi, Fọláhànmí ti sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi.”

Jayéọlá sún sẹ́yìn díẹ̀. Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jayéọlá sáré gbá a mú.

“Ẹ ṣé, sà, ẹ ò jẹ́ kí n kú,” Adéṣínà wí láyà rẹ̀. Ojú ń ti àbúrò. “Ẹ má bínú, ọwọ́ yìí ni ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín dáadáa.”