Abọ́ Akínsànmí

Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi, Ìkúnayọ̀, ń bá afárá jà, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Afárá rélùwéè ni, èyí tó gba orí àfonífojì kan kọjá lọ́nà Agbor, odò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bùrọ̀dá mi, Akínsànmí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ da kọnkéré òpó rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, inú omi la ti ń ri òpó ilé wa, nítorí náà kọ́ńpìnnì òyìnbó tó gba iṣẹ́ náà fẹ́ràn àwọn ọmọkùnrin wa. Àsìkò òjò ló já bọ́ láti orí òpó. Odò ti kún àkúnya, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i.

Ní ìdílé tiwa, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí omi gbé lọ bí a ò bá rí òkú rẹ̀. Ìyá tó bí i ní láti lọ dúró níbi tí ọmọ náà dúró sí kó tó bọ́, kó pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ó ti kú nìyẹn, a lè sunkún wàyí. Títí dìgbà náà, alààyè ni, a gbọ́dọ̀ máa bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ò lọ. Ó ní òpó lásán ló wà níbẹ̀, wọn ò tíì tẹ́ afárá lé e, orí kí ni kí òun dúró sí?

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Owó tán lọ́wọ́ ìjọba, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, igbó bo àwọn òpó náà. Ìjọba kan dé, ó ní òun á parí ẹ̀, ó lọ, òmíràn dé. Wọ́n tẹ́ afárá, àwọn olè wá hú irin rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Màmá ń gbọ́ nínú rédíò nílé wa ní Ubeji, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fi ṣe àwáwí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń bu oúnjẹ sínú abọ́ Akínsànmí, èmi náà ni mò ń dà á nù láàárọ̀. Ọdún tí mo fi ṣe é ju ọdún tó lò láyé lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Wọn ò rántí ẹni tó ń fọ abọ́. Ó ti sú mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà parí ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, mo rò pé àwáwí tán. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Lọ́dún kejì, ó ní èrò ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà wá sọ fún mi pé ó ti ń rẹ ọkàn Màmá, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè rìnrìn àjò mọ́. Bó bá wá kú láìpè é, ọrùn mi ni abọ́ yẹn máa kù sí. Mo ní kí ọmọ mi, Marvellous, wá fi mọ́tò gbé wa lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ujevwu.

Ó ní, "Mama, leave Grandma. She don old."

Mo ní èmi náà ti ń darúgbó.

Inú ọkọ̀ ojú irin náà tutù, fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, kì í sì í dúró lórí afárá. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. A ò tíì kọjá Abraka tí Màmá fi gbórí lé èjìká mi, ó sùn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ariwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí padà. Mo gbọ̀n ọ́n lápá, kò mira. Ilẹ̀ ti lọ kúrò lábẹ́ wa, orí igi ni mò ń wò nísàlẹ̀, mo sì rí omi náà. Kò ju odò kékeré kan lọ. Inú bí mi pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì. "Akínsànmí."

Ọkùnrin tó dojú kọ wá ní, "Madam, you dey alright?"

Mo tún pe bùrọ̀dá mi, mo sì tún pè é. Afárá tán, igbó dé. Mo fi ìborùn bojú, mo sunkún.

"O pè é," Màmá wí. Ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Ẹ ò sùn?"

"Mi ò sùn. Ẹnu mi ni ò gbà á, Ìkúnayọ̀. Ó dáhùn?"

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó di ìró mi mú, mo bá gbé ohùn mi wálẹ̀.

"Kò dáhùn, Màmá."

A sọ̀kalẹ̀ ní Agbor. A jókòó sórí bẹ́ńṣì, à ń retí Marvellous tó ń fi mọ́tò gba ojú títì bọ̀ wá gbé wa.

"Bí a bá délé," Màmá wí, "má bu oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Inú abọ́ rẹ̀ ni kí o bu tèmi sí."