Ìbéèrè Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Gbọ́

Abdulganiyu kì í ṣe òpùrọ́. Kí a kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí a bá ti ibi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó ṣì í dá lẹ́jọ́. Ọmọ Ọ̀fà ni, ọmọ agboolé alágbẹ̀dẹ. Iléeṣẹ́ kan ní Àbújá tó fẹ́ fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ilẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀, yóò jókòó ti àwọn àgbà, yóò ṣàlàyé, yóò gba èébú, yóò sì bẹ̀bẹ̀ títí wọn yóò fi gbà kí àwọn ẹlẹ́rọ wá yẹ ilẹ̀ wọn wò. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ní sùúrù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèpàdé ní Òjòkú, gbọ̀ngán iléèwé kún dẹ́nu. Àwọn àgbẹ̀ jókòó níwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn. Màrdíyyàh, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Abdulganiyu ṣàlàyé bí iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọn yóò ṣe fi irin àti kọnkéré bo ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí kò fi ní ta bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọn kò gbà á.

Bàbá Fáṣakin ló dìde. Ìdílé tirẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Ọdẹ ni, òrìṣà àwọn baba rẹ̀ ló sì ń bọ títí dòní. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Àbújá, iná ọba tí a ní yìí, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń lọ, kì í dágbére. Tiyín tó lágbára jù ú lọ, ṣé yóò dágbére fún wa kó tó bínú?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Abdulganiyu náà rẹ́rìn-ín, ó ń wá èsì. Ibi tó ti ń wá a ló ti gbọ́ tí ẹnìkan pè é láti ẹ̀yìn àwọn obìnrin.

"Àkàndé."

Ìyá arúgbó kan ni. Ó fi ìborùn bo orí, ó fara ti ògiri. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ohùn náà dé etí Abdulganiyu ketekete bí ẹni pé inú yàrá kan náà làwọn méjèèjì wà.

"Àkàndé, ọmọ asùn-ti-iná-má-jóná. Ọmọ amú-irin-gbígbóná-bí-ẹni-mú-àkàrà. Ìwọ tí ò ń wí yìí, níbo lo máa sùn?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ Yorùbá. Orí rẹ̀ wú. Omi lé sí i lójú. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń dáhùn.

"Ẹ̀gbẹ́ ọgbà iléeṣẹ́ náà gan-an ni n ó kọ́ ilé mi sí, Ìyá. Ibẹ̀ ni Hikmat ìyàwó mi yóò ti máa dáná, ibẹ̀ ni Hàlímàt ọmọ mi yóò ti máa sùn. Mo fi Ọlọ́run búra."

Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Bàbá Fáṣakin rìn wá síwájú, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rọ máa bọ̀. Nígbà tí Abdulganiyu fi ojú wá ìyá náà kó lè lọ kí i, kò rí i mọ́.

Wọ́n ti kọjá Ìjàgbó, wọ́n ń lọ sí Ọ̀fà, kó tó béèrè lọ́wọ́ Màrdíyyàh pé ta ni ìyá yẹn. Màrdíyyàh ní ìyá wo. Abdulganiyu ní èyí tó kì òun, tó bi òun léèrè ibi tóun máa sùn. Ọmọbìnrin náà wò ó lójú bóyá ó ń ṣàwàdà.

"Ọ̀gá, ẹnìkankan kò bi yín. Ẹ kàn dákẹ́, ẹ tẹrí ba, ẹ sì búra. Ìyẹn ló wọ̀ wọ́n lára, pé ó ti ọkàn yín wá."

Abdulganiyu dá ọkọ̀ dúró, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Fáṣakin wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan àfi ariwo fáànù. Ó rí ara rẹ̀ tó tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń nu ojú. Lẹ́yìn àwọn obìnrin, ògiri lásán ni.

Òtútù mú un nínú oòrùn. Asùn-ti-iná-má-jóná, gbogbo agboolé wọn ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkàrà yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi kì í láyé: Àdìkẹ́, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, tó sì tọ́ ọ dàgbà. Òun ló hun ún fún un, nítorí pé ní kékeré, kì í dúró kí àkàrà tutù kó tó nawọ́ mú un. Àdìkẹ́ sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí Abdulganiyu ti wà ní yunifásítì, kí Ọlọ́run bá wa fi àánú bò ó.

Jacob, ọ̀gá rẹ̀ ní Àbújá, pè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ìbúra yẹn dára ju gbogbo àlàyé lọ. Nígbà tí Abdulganiyu ní ẹ̀rù ń ba òun, Jacob ní kí ni tẹ̀rù. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ta ni yóò wá máa bi í léèrè ilé?

Nígbà tó sọ ìbúra náà fún Hikmat nílé, ìyẹn kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Àìbínú rẹ̀ ló dun ọkọ rẹ̀ jù. Ó fi ọwọ́ lé Hàlímàt lórí, ó ní, "Dádì Hàlímàt, mi ò bi yín ní ohun tí wọ́n kọ́ yín ní Àbújá. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ọkàn yín á balẹ̀ kí ọmọ yìí máa sùn níbẹ̀?"

Abdulganiyu gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. Láti ọdún tó ti ń bẹ àwọn ẹlòmíràn pé kí ọkàn wọn balẹ̀, kò bi ara rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn yẹn ti ń tẹ̀lé e. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, yóò gbọ́ ọ nínú omi tó ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀: Àkàndé, ìgbà wo? Ó gbọ́ ọ ní ilé epo lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, pẹ̀lú èémí. Kì í halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń béèrè bí ìyá ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ti ṣèlérí. Ó ka Áyátúlì Kúrísíyù, ẹsẹ Kùránì tí wọ́n fi ń lé àǹjọ̀nú, ohùn náà kò sá. Ṣe ló gbọ́ ọ tán bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ó sì tún béèrè. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹnu wa de ara wa mọ́ ẹni tí kì í sùn.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó dá nìkan padà sí Òjòkú. Ó bá Bàbá Fáṣakin lójúde tó ń pọ́n àdá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ti oríkì pamọ́, láìfi ti Jacob pamọ́. Bàbá náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àwa kò gbọ́ ìyá kankan," ó ní. "Ìwọ la gbọ́. Ọ̀rọ̀ irin, ọ̀rọ̀ kọnkéré, kò yé wa. Pé ọmọ rẹ á sùn níbẹ̀ ló yé wa. Ṣé á sùn níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Fáṣakin fi ìka wo ẹnu àdá. "Ó dáa. Tiwa náà kò ní sùn níbẹ̀ nìyẹn. N ó sọ fún ìlú pé a kò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo búra fún. Lọ gba ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ ẹni tó o fún."

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Ọ̀fà ni wọ́n sin Àdìkẹ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Abdulganiyu bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀, ó ka Fátíhà. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀. Ó mọ̀ pé Jacob ni, pé ìròyìn ti dé Àbújá, pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá," ó ní, "n kò ní lè sùn níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ohun tí mo ń sọ fún wọn dá mi lójú. Ẹ bá mi tú u sílẹ̀."

Ó dúró kí ohùn náà dáhùn. Èébú ni o, ìbéèrè ni o, ohun yòówù kó jẹ́, ó ń retí rẹ̀. Adìẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ẹnìkan ń gún nǹkan nílé kejì, ó gún un tán, ó dáwọ́ dúró. Oòrùn kúrò lórí sàréè, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀ náà.

Kò sí ẹni tó pè é ní Àkàndé mọ́.