Ọ̀rọ̀ Ilé Lẹ́nu Arẹwà

Ojú ìwé kẹrìnlá ni ọ̀rọ̀ náà wà, láàárín ìlà méjì tí kò ní láburú kankan nínú. Obìnrin tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún Arẹwà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. “Èmi ò sá kúrò nílé ọkọ. Ilé ọkọ ló kọ́kọ́ sá fún mi.”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ Arẹwà ná. Inú eré àwòrán kan ló wà, èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà, tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kan tó ń fò. Ọ̀kan ń jẹ́ Awakọ̀, èkejì ń jẹ́ Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta ń jẹ́ Ọ̀mọ̀ràn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, Arẹwà ni wọ́n sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ẹwà náà níṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọkọ̀. Kò wakọ̀, kò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Á pariwo, á sunkún, á béèrè pé “Kí la máa ṣe báyìí?” kí àwọn ọkùnrin lè rí ẹni tí wọ́n máa ṣàlàyé nǹkan fún. Olóhùn, bí gbogbo sítúdíò ṣe ń pe obìnrin tiwa yìí, ti jókòó kà á rí. Nínú apá méjìlá àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Arẹwà béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù rẹ̀ tán. Ó kọjú sí òǹkọ̀wé eré náà lójú gbogbo èèyàn. “Ọ̀gá, obìnrin wo lẹ mọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé bí ìyá tó bí yín ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹ fetí sí obìnrin lẹ́ẹ̀kan láyé yín!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò tíì hù, rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, èyí tó yẹ kó ti fu Olóhùn lára látìgbà yẹn.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Arẹwà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó bá Awakọ̀ jà nítorí abọ́ tí kò fọ̀. Ó pa Ọ̀mọ̀ràn lẹ́nu mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwàdà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wo eré náà kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin gidi ti wọnú ọkọ̀ wàyí. Inú Olóhùn dùn, ó ní ìbáwí òun ti wọ ọkùnrin náà létí, ó ń yangàn kiri sítúdíò, títí ó fi dé ojú ìwé kẹrìnlá.

Nítorí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Arẹwà. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni àbúrò náà kanlẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tó ní òun ò padà sọ́dọ̀ ọkọ òun mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó máa sọ ọ́, àlùbọ́sà ló ń gé ní kíṣìnì, èèyàn ò sì lè mọ omijé tó jẹ́ ti àlùbọ́sà nínú omijé rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Orí ọkọ̀ òkun ni ọkọ Olóhùn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń wálé. Ẹnìkẹta ò sí ní kíṣìnì yẹn, àfi fìríìjì.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Olóhùn mọ̀ dájú pé òun ò bá ẹ̀dá alààyè kankan sọ ọ̀rọ̀ náà. Ta ló wá kù? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Ìgbà kan wà tí àbúrò rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ilé wá fún un ní sítúdíò, òǹkọ̀wé ló sì fi mọ́tò gbé e padà sílé. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní òjò ni. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò tó mọ ìgbà rọ̀ báyẹn, ó yẹ ká bi í léèrè ẹni tó rán an.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin náà á jáde láàárọ̀, kò ní sọ ibi tó ń lọ. Ó ní bàtà tuntun, bàtà pẹlẹbẹ dúdú kan báyìí. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á gbé e lọ sí ìta. Nígbà tí apá eré tí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ wà nínú rẹ̀ sì jáde, ó tún le sí i: ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò sọ ju “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” lọ mọ́. Olóhùn ní, ahá! Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán lọ́kàn ara rẹ̀. Obìnrin já ọkùnrin kan sílẹ̀, ó ń wá òmíràn. Ó rí òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé ń wá ọ̀rọ̀, ó sì tú àpò àṣírí ilé kalẹ̀ fún un kó lè wù ú. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ó lọ ká òǹkọ̀wé mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. “Ọ̀gá, níbo lẹ ti ń rí ọ̀rọ̀ Arẹwà báyìí?”

Òǹkọ̀wé pa irùngbọ̀n tí kò sí. “Mo ń fetí sílẹ̀ ni, mà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fetí sí obìnrin.”

“Obìnrin wo?”

“Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ò jẹ́ kí Olóhùn lè jẹun ọ̀sán.

Ìfura loògùn àgbà. Ó pinnu pé òun máa dẹ pàkúté. Òun máa pa irọ́ kan fún àbúrò òun, irọ́ tí etí mìíràn ò gbọ́ rí, òun á sì máa wò ó bóyá Arẹwà á sọ ọ́. Irọ́ náà dùn gan-an ni: pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, òun fẹ́ gba ojú fèrèsé balùwẹ̀ sá lọ, pé ẹsẹ̀ òun kan ti wà níta kí gìgísẹ̀ bàtà tó há, pé ayàwòrán tó wà nísàlẹ̀ rò pé òun ń ṣe àrà fún fọ́tò, ló bá ń kígbe pé kí òun tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ṣùgbọ́n òṣèré ni obìnrin yìí, kò lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò láì kọ́kọ́ fi dánra wò. Nítorí náà, ó kọ́kọ́ pa irọ́ náà fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú yàrá ohùn. Yàrá kóńkó kan ni, tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká. Bí èèyàn bá húkọ́ nínú rẹ̀, ẹni tó fara ti ilẹ̀kùn ò ní gbọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń dá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè là, kí bàbá agbohùnsílẹ̀ tó na ọwọ́ sókè pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé yìí, kò síbi tó fọkàn tán tó ibẹ̀.

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó wò ó.

“Ṣé lóòótọ́ ni, àǹtí mi?”

“Lóòótọ́ ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún?” Ó tẹ orí padà sídìí aṣọ. Gbólóhùn yẹn gan-an, Olóhùn kà á sí i lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwé eré tuntun dé. Fèrèsé wà nínú rẹ̀. Balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà wà nínú rẹ̀, ayàwòrán ń kígbe pé kí Arẹwà tún rẹ́rìn-ín sí i. Olóhùn ò dúró dọ̀la. Ó gbọ̀nà ilé lọ́sàn-án gangan, ó ju ìwé náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ta lo sọ ọ́ fún?”

Àbúrò rẹ̀ ka ojú ìwé náà. Ó gbójú sókè. “Èmi kọ́, àǹtí mi.”

“Àwa méjì la wà níbí! Àbí ẹ̀rọ yìí ló rìn lọ sọ ọ́?”

“Èmi kọ́.”

“Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ bá a. Ẹni tó ò ń tà mí fún, òun ló yẹ kó máa bọ́ ẹ.”

“Ta ni, àǹtí mi?”

Lọ́kàn Olóhùn, ẹ̀tàn ni. Àbúrò ò bẹ̀bẹ̀, kò búra, kò sunkún. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú kó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú pé ọwọ́ ti tẹ olè. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ló ń tún sọ fún ara rẹ̀ nígbà tó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó síwájú maíìkì láti sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé náà fún Arẹwà. Bàbá agbohùnsílẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayé téèpù, bá a sọ̀rọ̀ láti òdìkejì gíláàsì.

“Ọmọ mi, kò dà bíi tàkọ́kọ́ o.”

“Tàkọ́kọ́ wo, bàbá?”

“Èyí tó o dá sọ lọ́jọ́sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo sọ ọ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn jù. Mo sọ fún òǹkọ̀wé pé kó má fọwọ́ kàn án, kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ.”

Olóhùn yọ ohun tó fi bo etí. Ó tún gbé e padà. “Ẹ gbà á sílẹ̀?”

“Ta ló ń jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣòfò? Láti ìgbà tí òṣèré bá ti jókòó ni mo ti ń gbà á, títí á fi dìde. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tó dáa jù kì í dúró de iṣẹ́. Ọjọ́ tó o bá òǹkọ̀wé wí yẹn ló ti ń wá gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí tó o sọ nípa ilé ọkọ, ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi.”

Ìgbà náà ni Olóhùn tó rántí. Òun ló sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ sunkún ní kíṣìnì ló ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu nínú yàrá yìí, tó ń tọ́ ọ wò, tó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́, tó ń sọ ọ́ ketekete, nítorí pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò yé tún un sọ láàárọ̀ láàárọ̀. Ẹyin lohùn. Òun ló jẹ́ kó bọ́ tó fi fọ́, ó wá lọ wá ọwọ́ ẹlòmíràn tó máa gé. Ojú tì í gan-an.

Nígbà tó máa dìde, ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ló lọ. Òǹkọ̀wé ní òun rò pé ó mọ̀ pé wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ó wà nínú ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí.

“Àbúrò mi ńkọ́?” ni Olóhùn wí.

“Àbúrò yín wo, mà?”

“Ẹni tẹ́ ẹ gbé nínú òjò.”

Òǹkọ̀wé mi orí. Olóhùn wo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí ó mọ ojú ẹni tó ń ṣeré. Ọkùnrin náà ò rántí.

Olóhùn pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Àbúrò sọ ibi tó wà fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, obìnrin mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì wọ bàtà pẹlẹbẹ dúdú. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n ń dán ọwọ́ rẹ̀ wò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á ni.

Olóhùn gòkè lọ bá a, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níṣojú àwọn obìnrin náà. Kò dín ọ̀kan kù. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

“Nínú ohun tẹ́ ẹ rò yẹn, àǹtí mi, kí ni mo ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn?”

“Mo rò pé o fẹ́ràn ẹ̀ ni.”

“Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú mi rí?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. “Ẹ̀yin lẹ sì ń bínú pé ọkùnrin yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ obìnrin.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé iṣẹ́ lò ń wá?”

“Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà mí ná. Nígbà tó wá di ọjọ́ Ẹtì tí apá yẹn jáde, mo wò ó. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi lẹ́nu Arẹwà, ohùn yín ló sì fi sọ ọ́. Mo rò pé ẹ tà á fún wọn ni.”

“O ò wá bi mí?”

“Kí ni mo fẹ́ bi yín? Ẹ gbà mí nígbà tí mi ò níbi tí mo máa lọ. Mo ní bí ìtìjú mi bá máa jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dáa, kí wọ́n máa lò ó. Mo kàn pa ọ̀rọ̀ yòókù mọ́ra ni.”

Ó dun Olóhùn dé egungun. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ fún àwòrán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò rí nǹkan sọ ju “Jọ̀ọ́, padà wálé” lọ.

“Mo ti gba yàrá. Ẹ máa wá kí mi, èmi náà á máa wá. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ ṣì jẹ́.”

Wọ́n gbé àga kan fún Olóhùn, ó jókòó. Ó béèrè bóyá yàrá náà dáa. Àbúrò ní ó dáa. Ó béèrè bóyá àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ ń ṣe dáadáa sí i. Ó ní wọ́n ń gbìyànjú. Ó béèrè bóyá ẹ̀yìn kì í dùn ún. Ó ní rárá, a dúpẹ́. Ìdáhùn ọmọlúàbí ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń fún aládùúgbò tó bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Olóhùn tún béèrè òmíràn. Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ mú aṣọ tó kàn.